Bí a ṣe ń to sípíríǹgì ẹ̀yìn Hilux fún ọ̀nà oko

Ọ̀pọ̀ Hilux tí wọ́n ń gbé sókè lẹ́bàá títì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà gbé e. Wọ́n á já ewé kan (ọ̀kan nínú àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò léra) lára sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á gé e mọ ìwọ̀n, wọ́n á tì í bọ abẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n á di U-bolt (irin onírìísí U tó so sípíríǹgì mọ́ axle, ọ̀pá tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì) pa, ó parí. Ọkọ̀ á ga lóòótọ́. Àmọ́ bí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa ta sókè ní gbogbo gègélé, táyà ẹ̀yìn kan á máa yí lórí òfo nígbà tí èkejì ń wa ẹrẹ̀. Fífi ọkọ̀ sí four-wheel kò lè ran táyà tí kò kan ilẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tí a fẹ́ tò níhìn-ín máa gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè ní 50 mm, ó máa rọ̀ tó kí táyà lè tẹ̀ lé kòtò, kò sì ní wó bí ẹ bá kó àpò kòkó lé e.

Nínípọn ewé ló ń pinnu

Bí ẹ bá fi ewé kan kún ewé márùn-ún tó dọ́gba, líle tí ẹ fi kún un kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ márùn-ún tó nípọn 7 mm, tí ẹ fi márùn-ún tó nípọn 8 mm rọ́pò wọn, líle rẹ̀ á fi bí ìdajì lé sí i. Mìlímítà kan péré ló fa ìyẹn o. Gígùn náà lágbára bẹ́ẹ̀, àmọ́ òdìkejì ló ń ṣe: bí ewé bá ṣe ń gùn sí i ló ṣe ń rọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ewé ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo, tó nípọn tó 12 mm, fi lè ba odindi sípíríǹgì jẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

k = (8 × E × n × b × t³) ÷ (3 × L³)

k ni iye Newton tó máa tẹ sípíríǹgì wálẹ̀ ní 1 mm. E, ìyẹn bí irin ṣe ń kọ títẹ̀ tó, jẹ́ 206,000 fún irin sípíríǹgì. n ni iye ewé, b ni fífẹ̀, t ni nínípọn, L ni gígùn láti àárín ojú kan sí àárín ojú kejì (ojú ni ihò tó wà ní ìdí méjèèjì ewé àgbà, ìyẹn ewé òkè pátápátá), mm ni ẹ ó fi wọn gbogbo wọn. Ẹ wọn ibi tí U-bolt dì mú, kí ẹ yọ ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ kúrò lára L, nítorí ibẹ̀ kì í ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Láti ojú sí ojú jẹ́ 1,270 mm, U-bolt sì di 105 mm mú. Ẹ yọ 70, ó ku 1,200. Ewé márùn-ún, fífẹ̀ wọn 60 mm, nínípọn wọn 7 mm: k máa jẹ́ nǹkan bí 33 N/mm. Mẹ́fà irú rẹ̀ máa fún wa ní 39. Márùn-ún tó nípọn 8 mm máa fún wa ní 49. Ẹ tún wo èyí: ewé mẹ́jọ tó nípọn 6 mm máa fún wa ní 33 náà, bíi ti márùn-ún tó nípọn 7 mm, ṣùgbọ́n wàhálà tó ń bá irin kọ̀ọ̀kan máa fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ìyẹn ni pé yóò pẹ́ kó tó sán. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo jù, àwọn ewé náà sì máa ń fara ha ara wọn ju ti márùn-ún lọ. Bí ẹ bá rí 6 mm rà, òun ni kí ẹ mú. Bí kò bá sí, márùn-ún tàbí mẹ́fà tó jẹ́ 7 mm dára. Ẹ má fọwọ́ kan 8 mm fún ọkọ̀ tó sábà máa ń ṣófo.

Ẹrù tó wà lórí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun tí à ń fojú bù. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi òṣùwọ̀n ọkọ̀ akẹ́rù, irú èyí tó máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kí ẹ gun un pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn nìkan. Bí ó bá jẹ́ 750 kg, ẹ yọ nǹkan bí 150 kg fún axle àti táyà rẹ̀, nítorí sípíríǹgì kọ́ ló gbé ìyẹn. Ó ku 600 kg, 300 kg fún apá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2,943 N. Ẹ pín in pẹ̀lú 33: sípíríǹgì máa lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 90 mm bí ọkọ̀ bá jókòó lé e lófìfo. Ẹ kọ 90 yìí sílẹ̀, a ó padà lò ó.

Ohun tí ẹ ó wọ̀n kí ẹ tó tú ohunkóhun

Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, táńkì epo rẹ̀ ní ìdajì. Ẹ wọn láti àárín rímù dé etí mọ́gáàdì, lápá òsì àti ọ̀tún. Ẹ wọn ìtẹ̀ sípíríǹgì bó ṣe wà: ẹ na okùn láti àárín ojú iwájú dé àárín ojú ẹ̀yìn, kí ẹ wo bí ó ṣe jìn tó sí ewé òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù àárín, èyí tó gba inú gbogbo ewé kọjá. Ẹ wọn gígùn láti bóòtù àárín sí ojú iwájú àti sí ojú ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kì í sábà dọ́gba. Nínú àpẹẹrẹ wa, iwájú jẹ́ 580, ẹ̀yìn jẹ́ 690. Ẹni tó bá lu ihò sí àárín gbùngbùn ewé máa rí i pé axle òun ti sún sẹ́yìn, táyà á máa họ ara mọ́gáàdì. Ẹ wọn fífẹ̀ ewé pẹ̀lú kálípà: 60 àti 70 mm ló wọ́pọ̀, ẹ̀yà kan sì yàtọ̀ sí èkejì, nítorí náà ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́.

Irin

Ní Ládipọ̀ ní Mushin, tàbí Àrárọ̀mí ní Àgọ́dì Gate n'Íbàdàn, sípíríǹgì tòkunbọ̀ pọ̀ lọ jàra. Ẹ ra ewé àgbà tó ní ojú méjèèjì láti ara irú ọkọ̀ yín gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná tẹ ojú tuntun fún yín. Irin sípíríǹgì tí wọ́n bá mú pọ́n nínú iná tí wọ́n sì jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ ti di irin lásán, àfi bí ẹni tó ṣe é bá ní ààrò tó lè gbóná odindi ewé dé nǹkan bí 850 °C, kó rì í sínú epo, kó tún dá a padà sínú ooru tó kéré láti mú líle rẹ̀ rọ̀. Wẹ́dà ẹ̀bá títì kò ní irú ààrò bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra ewé tòkunbọ̀, ẹ mú fáìlì tuntun lọ́wọ́. Ẹ fi rẹ́ etí ewé náà níbi mẹ́ta, àárín àti ìdí méjèèjì. Lórí irin tó dára, fáìlì máa ń yọ̀, agbára káká ló fi máa bù ú jẹ. Bí ibi kan bá wà tó ti ń jẹ irin wọlé wẹ́rẹ́, iná ti kan ibẹ̀ rí, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kẹrosíìnì fọ ewé náà, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ lọ ẹfun ìkọ̀wé kúnná, kí ẹ gbọ̀n ọ́n sí orí rẹ̀. Bí ó bá ti sán níbìkan, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ sínú ibẹ̀ máa ṣú jáde lára ẹfun bí okùn tín-ín-rín. Ẹ wo ihò bóòtù àárín dáadáa, ibẹ̀ ni ó sábà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Gígé àti lílu ihò

Fún ewé márùn-ún, ìwọ̀n tí a máa ń lò sí 1,270 nìyí: ewé àgbà 1,270 láti ojú sí ojú, èkejì 1,230, ẹ̀kẹta 980, ẹ̀kẹrin 730, ẹ̀karùn-ún 480. Láti èkejì lọ, ìyàtọ̀ 250 láàárín wọn ló ń jẹ́ kí ìtẹ̀ pín káàkiri. Bí ewé kan bá kúrú jù sí èyí tó wà lókè rẹ̀, ibi tí orí rẹ̀ parí sí gan-an ni èyí òkè máa ti kán. Ẹ pín gígùn kọ̀ọ̀kan bí iwájú àti ẹ̀yìn ṣe pín: fún 730, nǹkan bí 333 á wà níwájú bóòtù, 397 á wà lẹ́yìn.

Díìsì tẹ́ẹ́rẹ́ lórí gírándà ni kí ẹ fi gé e, kí ẹnìkan máa da omi sí i. Bí etí rẹ̀ bá di aláwọ̀ búlúù, ẹ lọ ibẹ̀ kúrò títí irin tó mọ́ á fi yọ. Ẹ gé igun orí ewé kọ̀ọ̀kan kúrò, kí ẹ sì lọ abala òkè rẹ̀ fẹ́lẹ́ ní nǹkan bí 50 mm tó kẹ́yìn, kó má baà máa gbẹ́ ewé tó wà lókè rẹ̀. Ọwọ́ gígùn ewé ni kí ẹ máa lọ̀ ọ́ sí, ẹ má lọ̀ ọ́ ní ìbú. Ojú òkè ewé ni à ń fà bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ìlà tó bá dábùú ibẹ̀ ti fọ̀nà han sísán.

Ihò bóòtù àárín, ẹnu dìríìlì cobalt ni, kó máa yí jẹ́jẹ́, kí epo wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi 5 mm lu, kí ẹ tó wọ ìwọ̀n bóòtù. Bí ẹ bá jẹ́ kó yí kíákíá, irin á gbóná, á le sí i, ẹnu dìríìlì á jóná, ihò tí kò parí á wá wà níwájú yín.

Títẹ̀ ẹ

Ìtẹ̀ tí ọkọ̀ ní nígbà tó jókòó lófìfo, ká ní ó jẹ́ 20 mm. Ẹ fi 50 kún un, nítorí gíga tí à ń wá. Ẹ fi 90 kún un, nítorí bí ẹrù ṣe máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ẹ fi 15 kún un, nítorí sípíríǹgì tuntun máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 175 mm. Èyí ni ìtẹ̀ ewé àgbà nígbà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni à ń yà á sí. Ẹ kan ìṣó mọ́lẹ̀, ẹ so okùn tí kì í nà mọ́ ọn, ẹ fi ẹfun sí ìdí kejì ní 112 cm, kí ẹ ya bí ìdajì òbírí. Ìlà yẹn ni ewé àgbà gbọ́dọ̀ bá mu. Fún ewé kejì, ẹ dín okùn kù sí 109, fún ẹ̀kẹta 106, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa yọ 3 cm lọ. Bí ẹ bá wá tò wọ́n léra wọn láìtíì di bóòtù, àyè tó máa wà láàárín wọn lágbedeméjì máa wà láti nǹkan bí 1 sí 6 mm. Àyè yìí kì í ṣe àṣìṣe: òun ló ń jẹ́ kí àwọn ewé kéékèèké kọ́kọ́ gbé ẹrù, kí ewé àgbà tó ń di ọkọ̀ mú má baà dá nìkan rù ú.

Press (ẹ̀rọ tó ń tẹ irin) tọ́ọ̀nù 20 tó nǹkan. Ẹ gbé ewé lé orí irin rogodo méjì tó jìnnà síra wọn ní nǹkan bí 180 mm, kí ẹ tẹ àárín, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ sún un síwájú ní 25 mm, ẹ tún tẹ̀. Irin máa ń fà padà, nítorí náà ẹ gbé e sórí ìlà ẹfun lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ dé òpin kan. Ìgbà méjì sí mẹ́ta láti ìdí dé ìdí ló sàn ju kí ẹ tẹ ẹ́ pa lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá tẹ ẹ́ níbi mẹ́rin márùn-ún péré máa rí igun lára ewé, igun kọ̀ọ̀kan ni yóò ti kán. Ẹ má fi òòlù lù ú lórí ojú òkè.

Títò ó pọ̀

Ẹ fọ ìpẹtà kúrò, ẹ kun ún ní ọ̀dà tó ní gráfáìtì, kó gbẹ. Gríìsì kò yẹ láàárín ewé lórí ọ̀nà oko wa. Eruku pupa á lẹ̀ mọ́ ọn, á di ohun tó ń lọ irin. Rọ́bà líle kékeré lórí orí ewé kọ̀ọ̀kan máa ń pa ariwo, bí ẹ bá rí i rà.

Bóòtù àárín tuntun ni kó jẹ́, irin líle, kí orí rẹ̀ sì wọ ihò tó wà lórí ìjókòó axle láìmì. Ẹ fi clamp tó lágbára fún àwọn ewé pọ̀ kí ẹ tó di bóòtù náà. Ẹ má fi bóòtù fúnra rẹ̀ fà wọ́n pọ̀: bó bá já, ewé á fò, ó sì lè gba ojú tàbí apá ẹni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún títú.

Ẹ fi clip irin mẹ́rin yí i ká, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn ni láti di ewé pọ̀ nígbà tí táyà bá rọ sínú kòtò, nítorí nígbà yẹn ewé àgbà nìkan ni axle rọ̀ mọ́. Kí àyè 1 sí 2 mm wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá fún pa, sípíríǹgì kò ní lè yí ara.

Bí ẹ bá ń kó ẹrù, ewé helper (ewé àfikún) tó tẹ́jú tún máa wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. 500 kg lẹ́yìn ọkọ̀ túmọ̀ sí 250 kg lórí apá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì máa tẹ sípíríǹgì wa wálẹ̀ ní 75 mm, èyí pọ̀ jù. Ẹ ṣe é kí orí helper jìnnà sí ewé òkè rẹ̀ ní 35 sí 40 mm nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Lófìfo, kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Pẹ̀lú ẹrù, á gbà á. Ọ̀tọ̀ ni èyí sí ewé akẹ́rù tí wọ́n dì mọ́ àárín, tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Wíwọ̀ ọ́ sábẹ́ ọkọ̀

Jáàkì nìkan kò tó. Orí ìdúró irin ni ṣáásì gbọ́dọ̀ jókòó lé, kí jáàkì kejì gbé axle. U-bolt àtijọ́, ẹ sọ ọ́ nù, ó ti nà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dì í. Ẹ di nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdábùú, ní ìpele mẹ́ta. U-bolt 12 mm tó jẹ́ 10.9 (àmì líle irin rẹ̀) ń gba nǹkan bí 120 Nm. Ẹni tí kò ní torque wrench (spánà tó ń wọn agbára tí a fi ń dì) lè fi páìpù 50 cm fa bí ẹrù 24 kg. Èyí tó bá nípọn ju ìyẹn lọ, inú ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ ti wo tirẹ̀. U-bolt ló ń gba ẹrù kúrò lórí bóòtù àárín: bó bá tú díẹ̀, axle á máa sún síwá-sẹ́yìn, orí bóòtù àárín á já, ọkọ̀ á sì máa rìn ní ẹ̀gbẹ́.

Bóòtù inú búṣì ojú sípíríǹgì àti ti shackle (irin kékeré tó so ojú ẹ̀yìn mọ́ ṣáásì), ẹ fọwọ́ dì í lásán títí ọkọ̀ á fi délẹ̀ lórí táyà rẹ̀. Ẹ wá dì í pa nígbà náà. Bí ẹ bá dì í pa nígbà tí axle ń rọ̀ sílẹ̀, rọ́bà búṣì á wà ní yíyí títí lọ, kò sì ní pẹ́ ya. Búṣì polyurethane ń pẹ́, àmọ́ ó ń ké, ó sì ń ṣe agídí fún ìyíra. Rọ́bà ni a fara mọ́ fún ọkọ̀ oko.

Ẹ wo shackle nígbà tí ọkọ̀ bá délẹ̀. Ìdí rẹ̀ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn, nǹkan bí 25 sí 30 dígírì sí òòró, nítorí sípíríǹgì máa ń gùn sí i nígbà tó bá ń tẹ́jú. Ní gíga 50 mm, ìtẹ̀ tuntun fa ojú ẹ̀yìn síwájú ní bí 9 mm, ìyẹn bí 5 dígírì lórí shackle tó gùn 100 mm. Kò ṣe nǹkan. Ní gíga 100 mm, ó máa fà á ní 30 mm, shackle á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọnrangandan, ọkọ̀ á sì máa gbá yín nídìí. Ibẹ̀ gan-an ni a ti fi ààlà sí 50. Ẹni tó bá fẹ́ fi shackle gígùn gbé ọkọ̀ sókè kó mọ̀ pé ìdajì ohun tó fi kún un nìkan ló máa rí, ó sì tún máa yí imú differential, ìyẹn gíà tó wà láàárín axle ẹ̀yìn.

Àwọn nǹkan tí gíga ń bà jẹ́

Bí ọkọ̀ bá ga, propeller (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíàbọ́ọ̀sì lọ sí differential) á tẹ̀ sí i. Ẹ gbé fóònù tó ní òṣùwọ̀n dígírì lé flange gíàbọ́ọ̀sì, kí ẹ tún gbé e lé ti differential. Lórí propeller tó ní orígun méjì, méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá yàtọ̀ ní 2 dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi irin onígun tín-ín-rín sí àárín sípíríǹgì àti ìjókòó rẹ̀, irin kó jẹ́, kì í ṣe alumíníọ̀mù tó máa ń fọ́. Bó bá jẹ́ propeller oníméjì tó ní bẹ́árìn lágbedeméjì, gbígbé bẹ́árìn náà wálẹ̀ ní 10 sí 20 mm sábà máa ń pa gbígbọ̀n rẹ̀.

Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni fáàfù bíréèkì tó wà lókè axle lórí Hilux púpọ̀, tó ní ọ̀pá kan tó ń mọ̀ bóyá ẹrù wà lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá ga, fáàfù yìí á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á dín bíréèkì ẹ̀yìn kù, nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Ẹ gbé ìdúró ọ̀pá náà sókè ní iye tí axle fi jìnnà sí ṣáásì, ìyẹn 50 mm. Kí ẹ tún wo ọ́ọ̀sì bíréèkì, páìpù tí axle fi ń mí, àti okùn hándibíréèkì.

Ṣọ́ọ̀kì: ẹ wọn gígùn rẹ̀ nígbà tí bump stop (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí axle gbá ṣáásì) ti tẹ̀ pátápátá, kí 25 mm ṣì kù kó tó dé òpin. Ẹ wọn ọ́n nígbà tí axle rọ̀ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé axle dúró.

Ìdánwò

Ẹ fi táyà ẹ̀yìn kan gun òkìtì tó ga tó 40 cm, kí èkejì wà nínú kòtò, jẹ́jẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wọlé sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iná: ṣé táyà kan mọ́gáàdì, ṣé ọ́ọ̀sì bíréèkì nà tẹnten, ṣé apá propeller tó ń wọ inú ara wọn ṣì wà nínú ní 30 mm ó kéré tán. Shackle kò gbọdọ̀ kan ṣáásì.

Bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí òkè ẹrẹ̀, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ń fò gbì-gbì-gbì, axle ló ń yí sípíríǹgì bí àmì S. Ewé gígùn tó rọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ewé nínípọn wo ó sàn o. Ẹ fi ìdajì ewé 7 mm kan sí apá iwájú nìkan, láti bóòtù àárín dé bí 150 mm sí ojú iwájú, ibẹ̀ ló ń gba agbára ìyípo. Bí ìyẹn kò bá tó, ọ̀pá láti axle dé ṣáásì tó ní shackle kékeré níwájú ló kàn.

Lẹ́yìn 100 km, ẹ tún U-bolt dì, ẹ tún un dì ní 500 km. Ní 1,000 km, ẹ wọn àárín rímù sí mọ́gáàdì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ti rọlẹ̀ ní 15 mm, ohun tí a retí nìyẹn. Bí ó bá ju 25 lọ, tàbí tí apá kan rọlẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ tú sípíríǹgì apá náà, ẹ to ewé rẹ̀ sórí ìlà ẹfun lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti tẹ́jú láàárín wọn, ẹ fi fáìlì kàn án: ó ṣeé ṣe kí iná ti kàn án kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò. Ìtẹ̀ kejì kò ní dúró lára rẹ̀.